Ọṣẹ Ìfọyín Wo Ni Kí N Rà? Ìtọ́sọ́nà Fún Ẹni Tí Eyín Ń Kan, Tí Kòkòrò Sì Ń Jẹ Eyín Rẹ̀

"Omi tútù ń kan mí léyín, kòkòrò sì ti jẹ mẹ́ta nínú eyín mi. Ọṣẹ ìfọyín wo ni kí n rà?"

Kò sí ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí tó èyí. Bí ẹnì kan ò bá béèrè nítorí ara rẹ̀, yóò béèrè nítorí ìyá rẹ̀ tí kò lè mu omi inú fíríìjì mọ́, tàbí nítorí ọmọ tó fẹ́ràn àgbálùmọ̀ ṣùgbọ́n tó ń di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú bó bá ti jẹ ẹyọ kan. Mo ti dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí. Ó tó kí n kó ìdáhùn náà sójú kan.

Kókó rẹ̀ nìyí: ẹ má fi orúkọ ra ọṣẹ ìfọyín, ẹ má fi àwọ̀ rà á, ẹ má sì fi òórùn rà á. Ẹ yí páálí rẹ̀ padà, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun méjì lẹ ń wá níbẹ̀: fluoride, ìyẹn èròjà tó ń gbèjà eyín lọ́wọ́ jíjẹrà, tí iye rẹ̀ tó, àti èròjà kan tó ń dá eyín kíkan dúró. Èyí tó bá ní méjèèjì ni tiyín. Bí ọwọ́ yín ò bá tẹ irú rẹ̀, ọ̀nà mìíràn wà, mo sì máa sọ ọ́.

## Kí ẹ tó náwó: eyín kíkan ni, àbí ihò?

Ẹ mu omi tútù díẹ̀, kí ẹ sì ṣàkíyèsí. Eyín tó ń kan lásán a máa ta yín bí omi bá ti kàn án, yóò sì dákẹ́ kété tí omi náà bá kúrò. Ohun tó ń fà á ni pé èrìgì ti fà kúrò lára gbòǹgbò eyín, tàbí pé ara òde eyín, apá funfun tó le bí òkúta yẹn, ti fẹ́lẹ́. Abẹ́ rẹ̀ kún fún ihò tín-tìn-tín tí ojú ò lè rí, tó já sí ibi tí iṣan wà. Ibẹ̀ ni otútù, ṣúgà àti nǹkan kíkan ń gbà wọlé.

Ọ̀rọ̀ ihò yàtọ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà eyín, kí ẹ fi ọṣẹ rírà sílẹ̀ ná, bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí:

- Ìrora náà kì í lọ lẹ́yìn tí ẹ ti gbé omi tútù mì.
- Ó ń jí yín lóru, tàbí ó ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ pé ẹ jẹ tàbí mu nǹkan kan.
- Ohun gbígbóná ló ń dùn yín jù.
- Eyín kan ṣoṣo ni, ó sì ń dùn bí ẹ bá fi gé nǹkan.
- Ẹ rí ihò tàbí ojú dúdú, tàbí ibì kan wà tí ẹran àti ẹ̀fọ́ máa ń há sí nígbà gbogbo.
- Èrìgì ibẹ̀ wú, tàbí ọyún ń jáde.

Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí abẹ́ àgbọ̀n bá wú, tí ara ń gbóná, tí ẹnu ò ṣeé là dáadáa tàbí tí itọ́ ò ṣeé gbé mì, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró di ọ̀la.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọṣẹ eyín kíkan lè mú ìrora rọlẹ̀ nígbà tí ihò ń jinlẹ̀ sí i lábẹ́. Kò sí ọṣẹ ìfọyín kankan tó ń dí ihò tó ti ṣí.

Kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa orúkọ tí a ń pè é, "kòkòrò eyín." Kì í ṣe ìdin tó ń rìn nínú eyín. Àwọn tó ń ta oògùn láàárín ọjà, tí wọ́n ń fa nǹkan bí ìdin jáde lẹ́nu aláìsàn kí gbogbo ènìyàn lè rí i, ẹ̀tàn ni wọ́n ń ṣe, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù eyín tó ṣì ṣeé tọ́jú. Ohun tó ń jẹ eyín ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ṣúgà tó kù sẹ́nu, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di ásíìdì. Ásíìdì náà ń fa èròjà líle jáde lára eyín. Itọ́ ń dá a padà díẹ̀díẹ̀. Fluoride ló ń mú kí ìdápadà yẹn yá, kí ibi tó tún dì sì lágbára láti kojú ásíìdì mìíràn.

## Bí a ṣe ń ka ẹ̀yìn páálí

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá orúkọ fluoride. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ "Ingredients" tàbí "Active ingredient" sí. Ọ̀kan nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: sodium fluoride, sodium monofluorophosphate, stannous fluoride, tàbí amine fluoride, tí àwọn mìíràn ń kọ ní olaflur. Bí kò bá sí ìkankan, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọyín eléwé ti ń kùnà. Ewé wà nínú rẹ̀, kànáfùrù wà nínú rẹ̀, ẹnu á ta sánsán, ṣùgbọ́n fluoride lè má sí. Àwọn kan ní i, nítorí náà ẹ má fi àwòrán ewé tó wà níwájú páálí pinnu. Ẹ kà á.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wo iye rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń fi "ppm" kọ ọ́, ìyẹn iye ìdá fluoride nínú mílíọ̀nù kan ìdá ọṣẹ náà. Fún àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ ń tètè jẹrà, ẹ wá èyí tó wà láàárín 1350 sí 1500 ppm. 1450 ni ẹ ó máa rí jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride 1000 sí 1500 ppm sínú àkójọ àwọn oògùn kò-ṣeé-mánìí rẹ̀ ní ọdún 2021. Ẹ jẹ́ kí 1000 jẹ́ ìsàlẹ̀ pátápátá. Ohun tó bá kéré sí i kò tó fún yín.

Nígbà mìíràn, ìdá ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kọ, kì í ṣe ppm. Bí ẹ ó ṣe túmọ̀ rẹ̀ nìyí:

- Sodium fluoride 0.22%: nǹkan bí 1000 ppm
- Sodium fluoride 0.24%: nǹkan bí 1100 ppm
- Sodium fluoride 0.32%: nǹkan bí 1450 ppm
- Sodium monofluorophosphate 0.76%: nǹkan bí 1000 ppm
- Sodium monofluorophosphate 1.1%: nǹkan bí 1450 ppm
- Stannous fluoride 0.454%: nǹkan bí 1100 ppm

Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o. Ẹni tó bá wo 0.76% àti 0.32% yóò rò pé ti àkọ́kọ́ ló pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ èyí èkejì ni fluoride rẹ̀ pọ̀ jù, nítorí pé èròjà méjèèjì ò bára mu: ìdá yẹn jẹ́ ti gbogbo èròjà náà, kì í ṣe ti fluoride inú rẹ̀ nìkan. Bí ẹ bá rí oríṣi fluoride méjì nínú ọṣẹ kan, ńṣe lẹ ó ro iye méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù pé 1000 sí 1100 ppm lẹ̀ ń rí lára ọ̀pọ̀ jù lọ èyí tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ yín nìyẹn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Nàìjíríà, 1450 kò ṣòro láti rí.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá èròjà tó ń dá eyín kíkan dúró. Ọ̀rọ̀ "Sensitive" tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ síwájú kò tó ẹ̀rí. Ẹ wá ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí lẹ́yìn:

- *Potassium nitrate*, 5% lọ́pọ̀ ìgbà. Iṣan inú eyín ló ń mú dákẹ́. Kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ẹ tó mọ̀ ọ́n lára, ìgbà tí ẹ bá sì dáwọ́ rẹ̀ dúró, eyín lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í kan.
- *Stannous fluoride*. Èyí ni mo fẹ́ràn fún ẹni tó ní ìṣòro méjèèjì, nítorí pé fluoride náà ni, òun náà ló sì ń dí àwọn ihò tín-tìn-tín yẹn. Ó tún ń dín wíwú èrìgì kù. Àléébù rẹ̀ ni pé ó lè fi àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀ sára eyín, adùn rẹ̀ sì máa ń dà bí irin lẹ́nu àwọn mìíràn. Àwọ̀ náà kò wọlé, dókítà lè nù ún kúrò.
- *Arginine*, 8%. Òun náà ń dí ihò. Ó yára, ẹ sì lè fi ìka pa á sójú ibi tó ń kan.
- *Calcium sodium phosphosilicate*, tí wọ́n ń pè ní NovaMin. Ó máa ń tẹ́ ìpele èròjà líle kan sórí ibi tó ṣí sílẹ̀.

Strontium náà wà, ṣùgbọ́n nínú àwọn ọṣẹ tó ní strontium chloride, àwọn kan ò ní fluoride rárá. Bí ẹ bá rí i, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 1.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tí ará ilé ń fi ọṣẹ ìfọyín ránṣẹ́ sí láti òkè òkun: orúkọ kan náà lè má ní ohun kan náà nínú. Sensodyne Repair & Protect kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní NovaMin, nígbà tó jẹ́ pé stannous fluoride ni ti Amẹ́ríkà. Páálí tó wà lọ́wọ́ yín lẹ ó kà, kì í ṣe èyí tí ẹ̀gbọ́n yín ní Lọ́ńdọ̀nù ń lò.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yẹra fún ohun tó ń ha eyín. Gbogbo ọṣẹ ìfọyín ló ní nǹkan tó ń ha ìdọ̀tí kúrò, ṣùgbọ́n agbára wọn ò dọ́gba. Ẹ fi èyí tó ní èédú sílẹ̀. Ẹ fi èyí tí wọ́n kọ sí pé ó ń sọ eyín di funfun láìpẹ́ sílẹ̀, pẹ̀lú èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn amusìgá. Ara òde eyín yín ti fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá tún ń ha á lójoojúmọ́, kí ló máa kù? Ìwọ̀n kan wà fún bí ọṣẹ ṣe ń ha eyín tó, RDA ni wọ́n ń pè é. Wọn kì í sábà kọ ọ́ sára páálí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i, ẹ jẹ́ kí ó wà ní 80 tàbí kí ó dín.

Bí ẹ bá rí calcium carbonate, ìyẹn ẹfun, láàárín àwọn èròjà, kí fluoride inú rẹ̀ jẹ́ sodium monofluorophosphate. Sodium fluoride àti ẹfun kì í gbé pọ̀; calcium inú ẹfun a máa so mọ́ fluoride náà, kò sì ní ráyè dé ara eyín.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti ibi tí wọ́n gbé e sí. Ẹ má fo ibí yìí. Fluoride tó lè ṣiṣẹ́ nínú ọṣẹ a máa dínkù bí ọṣẹ bá ti pẹ́ nílẹ̀, ooru sì ń mú kí ó yá. Túùbù tí wọ́n tò sínú oòrùn lórí tábìlì láti àárọ̀ dé alẹ́, tàbí èyí tí wọ́n ń gbé kiri láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, kò dà bí èyí tó wà nínú ilé. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń dín owó rẹ̀ kù. Ẹ lọ rà á ní kẹ́míìsì tàbí sùpámákẹ́ẹ̀tì tí òrùlé bò.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí egbò ẹnu bá máa ń yọ yín lẹ́nu, ẹ wá èyí tí kò ní sodium lauryl sulfate. Òun ló ń mú kí ọṣẹ hó. Ọṣẹ tí kò hó púpọ̀ ń ṣiṣẹ́ bákan náà.

## Bí ẹ ò bá rí èyí tó ní méjèèjì, tàbí tí owó rẹ̀ ga jù

Ẹ mú fluoride. Ọṣẹ ìfọyín lásán tó ní 1450 ppm, tí wọ́n ń tà ládùúgbò, sàn ju ọṣẹ eyín kíkan tó wọ́n bí ojú tí fluoride rẹ̀ ò tó nǹkan. Eyín kíkan ń dun ni, ṣùgbọ́n jíjẹrà ló ń gba eyín lọ́wọ́ ẹni. Fluoride tí ẹ ń lò dáadáa fúnra rẹ̀ a tún máa dín eyín kíkan kù lára ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi dókítà eyín léèrè nípa fluoride tí wọ́n ń kùn sára eyín. Agbára rẹ̀ ju ti ọṣẹ lọ fíìfíì, nǹkan bí 22,600 ppm, òṣìṣẹ́ ìlera tó mọ̀ ọ́n ṣe ló sì ń kùn ún. Wọ́n máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, kì í sì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

## Bí ẹ ó ṣe lò ó

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ owó wọn nù. Wọ́n á ra ọṣẹ tó dára, wọ́n á sì fi omi ṣàn án dànù kí ó tó ṣiṣẹ́.

1. Ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀, tí wọ́n kọ "soft" sí. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní bí oṣù mẹ́ta, tàbí kí ó tó bẹ́ẹ̀ bí irun rẹ̀ bá ti ṣí síhìn-ín sọ́hùn-ún.
2. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ọsàn, àgbálùmọ̀, tàbí tí ẹ mu sobo tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹ fi omi lásán ṣan ẹnu, kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí ẹ tó fọ eyín. Ásíìdì ti mú kí ojú eyín rọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì á ha á lọ.
3. Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì bí ẹ ṣe ń mú bírò, kì í ṣe bí ẹni mú ọ̀bẹ fẹ́ gé iṣu. Ẹ fi ẹnu irun rẹ̀ sí ibi tí eyín àti èrìgì ti pàdé, kí ẹ máa yí i róbótó-róbótó, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń fi agbára fà á lọ fà á bọ̀ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé èrìgì sẹ́yìn.
4. Ìṣẹ́jú méjì gbáko ni. Ẹ fi fóònù kà á fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó rí i pé ohun tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ kò tó ìdajì rẹ̀.
5. Ẹ tu ọṣẹ náà dànù. Ẹ má fi omi ṣan ẹnu. Díẹ̀ tó kù lára eyín ni fluoride tí yóò ṣiṣẹ́ láàárọ̀ tàbí lóru. Ó máa ń ṣe ènìyàn bí ẹni pé ẹnu ò mọ́ lọ́jọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, yóò sì mọ́ra. Ẹ má jẹ, ẹ má mu nǹkan kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.
6. Lóru, ẹ fọ ọ́ kẹ́yìn ohun gbogbo. Itọ́ ń dínkù bí a bá sùn, ìgbà yẹn ni eyín ò ní olùrànlọ́wọ́. Ẹ fọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i láàárọ̀.
7. Bí ibì kan bá ń kan jù, ẹ fi ìka mú ọṣẹ díẹ̀, kí ẹ rọra pa á síbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó sùn.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí béèrè lọ́wọ́ mi nípa àlùwàlá, nítorí pé a ń fi omi ṣan ẹnu níbẹ̀. Ẹ kírun Ìṣáì tán, kí ẹ tó fọ eyín ti alẹ́. Ní oṣù Ràmádáánì, ẹ fọ ọ́ lẹ́yìn sààrì kí àfẹ̀mọ́júmọ́ tó dé, kí ẹ sì tún fọ ọ́ kí ẹ tó sùn. Ẹ ò ní pàdánù ìgbà kankan nínú méjèèjì.

## Àṣìṣe tí mo ń rí jù

- Dídáwọ́ dúró lọ́jọ́ karùn-ún. "Mo lò ó, kò ṣiṣẹ́." Ọ̀sẹ̀ mélòó lẹ lò ó? Potassium nitrate nílò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.
- Fífi omi ìfọnu ṣan ẹnu kété lẹ́yìn ọṣẹ. Fluoride inú ọ̀pọ̀ omi ìfọnu kéré sí ti ọṣẹ, nítorí náà ẹ ń fi èyí tó kéré lé èyí tó pọ̀ lọ. Ẹ lò ó ní ọ̀sán.
- Fífi àmì ìdí túùbù yàn. Wọ́n ní aláwọ̀ ewé jẹ́ ewéko, dúdú jẹ́ kẹ́míkà. Irọ́ ni. Ẹ̀rọ tó ń gé túùbù ló ń fi àmì yẹn mọ ibi tí yóò ti gé e.
- Fífi iyọ̀, eérú, èédú lílọ̀ tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ eyín kí ó lè funfun. Ọsàn wẹ́wẹ́ ló burú jù nínú wọn. Obìnrin kan tó sún mọ́ mi ṣe é fún oṣù díẹ̀ ṣáájú ìgbéyàwó rẹ̀. Títí di òní, afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ nìkan tó láti kan eyín rẹ̀. Ohun tó lọ lára eyín kì í hù padà.
- Gbígbé gbogbo iṣẹ́ lé ọṣẹ lórí. Bí ẹ bá ń fi ṣúgà mu gààrí lọ́sàn-án, tí ẹ ń mu tíì oníṣúgà nígbà mẹ́rin, tí súìtì sì wà lẹ́nu láàárín wọn, ẹnu yín ò sinmi lọ́wọ́ ásíìdì. Iye ìgbà tí ṣúgà ń dé ẹnu léwu ju bó ṣe pọ̀ tó lẹ́ẹ̀kan lọ. Ẹ kó nǹkan dídùn yín pọ̀ mọ́ àkókò oúnjẹ.

## Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀

Ọmọdé. Kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́ta, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan ni ọṣẹ rẹ̀, kí fluoride rẹ̀ má sì dín ní 1000 ppm. Láti ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan. Ẹ̀yin òbí ni kí ẹ fi ọṣẹ náà sórí búrọ́ọ̀ṣì, kí ẹ dúró tì í títí yóò fi pé bí ọdún méje, kí ẹ sì rí i pé ó ń tu ú dànù. Bí ọmọ kékeré bá ń gbé e mì lójoojúmọ́, àbààwọ́n lè hàn lára eyín tí yóò hù lẹ́yìn. Ọṣẹ tó dùn bí súìtì, tó ń mú kí ọmọ máa lá a, ẹ gbé e jìnnà sí i.

Aboyún. Ọṣẹ onífluoride kò léwu fún yín. Bí èébì àárọ̀ bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ má sáré fọ eyín lẹ́yìn rẹ̀. Omi inú kan gan-an. Ẹ fi omi lásán ṣan ẹnu, kí ẹ dúró. Ìlànà kan náà ni fún ẹni tí omi kíkan máa ń gùn wá sọ́nà ọ̀fun láti inú.

Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń gbẹ. Àwọn oògùn kan, títí kan àwọn kan tí a ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ń dín itọ́ kù. Ìtọ̀ ṣúgà náà lè ṣe é, ìtọ́jú jẹjẹrẹ onítànṣán ní orí àti ọrùn sì máa ń ṣe é gan-an. Níbi tí itọ́ bá ti dínkù, eyín ń jẹrà kíákíá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrìgì. 1450 ppm lè má tó yín. Ọṣẹ tó ní 2800 àti èyí tó ní 5000 ppm wà, ṣùgbọ́n ìwé dókítà ni wọ́n fi ń gbà wọ́n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í fún ẹni tí kò tó ọdún 10 ní 2800, wọn kì í sì í fún ẹni tí kò tó ọdún 16 ní 5000. Bí wọ́n bá fún yín, ẹ má fi sí ibi tí gbogbo ilé ti ń mú ọṣẹ, kí ọmọ má baà lò ó.

Ẹni tó ń payínkeke lójú oorun. Ọṣẹ nìkan ò lè bá yín ṣe é. Ẹ sọ fún dókítà. Ó ní ohun tí wọ́n máa ń fi bo eyín lóru.

## Orín ńkọ́?

Mo mọyì orín, pàápàá àtà tó máa ń ta ẹnu yẹn. Ó ń nu eyín mọ́ bí a bá lò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n bí eyín yín bá ń jẹrà, kò lè dípò fluoride. Ẹ lò ó lọ́sàn-án, kí ẹ jẹ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi rọ̀ bí irun, kí ẹ máa fà á láti èrìgì sọ́nà ẹnu eyín. Ẹ má fi gé èrìgì lọ́nà ìbú. Láàárọ̀ àti lóru, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ọṣẹ.

Wọ́n tún ń ta ọṣẹ kan báyìí tó ní hydroxyapatite dípò fluoride. Ó lè ran eyín kíkan lọ́wọ́. Fún ẹni tí kòkòrò ti jẹ eyín rẹ̀ rí, n kò ní gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi fluoride sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn fluoride pọ̀ jù ú lọ.

## Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin

Bí eyín bá ti dákẹ́, ẹ máa bá ọṣẹ náà lọ. Bí ó bá ṣì ń kan bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ má tún ra òmíràn. Ẹ lọ sí ẹ̀ka eyín nílé ìwòsàn: UCH ní Ìbàdàn ní i, LUTH ní Ìdí-Àràbà ní i, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ náà ní i, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ kan sì ní dókítà eyín. Ẹ mú nǹkan wọ̀nyí dání:

- túùbù ọṣẹ tí ẹ ń lò
- orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, títí kan àgbo
- eyín tó ń kan gan-an, ohun tó ń kàn án, àti bó ṣe ń pẹ́ tó

Kí ẹ sì bi wọ́n ní mẹ́ta: Ǹjẹ́ ihò wà níbì kan? Ṣé èrìgì mi ló fà sẹ́yìn ni àbí eyín ló fẹ́lẹ́? Ṣé ó yẹ kí ẹ kun fluoride sí i fún mi, tàbí kí ẹ kọ èyí tó lágbára jù fún mi?